Ẹni Tí Ó Ń Kọ́ni Ni Ó Ń Kọ́ Ẹ̀kọ́: Ìrántí Ìyá-Àgbà Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti

 

Nínú ilé Yorùbá, bí ìyá-àgbà bá papòdà, tí ariwo ìnáwó bá ti rọlẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ a máa jókòó ti ara wọn, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ó fi sílẹ̀. Wọn a ka àwọn tí ó tọ́ dàgbà, ìbáà ṣe ọmọ inú rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Wọn a ka orin tí ó máa ń dá bí ó bá ń ro ọkà tàbí bí ó bá ń pọn ọmọ. Wọn a sì ka ohun tí ó ṣe fún àdúgbò: ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀, ìjà tí ó là, ẹni tí ó gbà sílẹ̀. Aṣọ a máa gbó, owó a sì máa tán. Ṣùgbọ́n ogún mẹ́ta yìí kò ṣeé fi pamọ́ sínú àpótí, nítorí náà olè kò lè jí wọn. Ohun kan ṣoṣo ni ó lè pa wọ́n run, ìgbàgbé ni.

Ìyá-àgbà tí ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ òní dá lé lórí ni Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ìjà owó-orí Abẹ́òkúta ni yóò kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀dọ́, wọn a ní ìyá Fẹlá ni, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀. Òtítọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a gé kúrú ni. Díẹ̀ nínú àwọn tí ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde lónìí ni ó mọ̀ pé ìlú wọn ni obìnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ ìgbé-ayé ìyàwó, pé níbẹ̀ ni ó ti gbé àkọ́bí rẹ̀ pọ̀n, àti pé ọdún méje gbáko ni ó lò níbẹ̀ kí Abẹ́òkúta tó gbà á padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣe òpó tí a óò so gbogbo ìtàn náà mọ́. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ pé olùkọ́ ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ́, òun náà ni a sì fi ń sọ pé ọmọ ń gba ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ. Ọmọ ń kọ́ ìwé. Àwọn baba wa kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìgbésí-ayé ìyá-àgbà yìí fi ìdí rẹ̀ hàn gbangba pé wọn kò ṣìnà, nítorí pé iṣẹ́ ńlá tí ayé fi ń rántí rẹ̀ kò ṣeé ṣe títí di ọjọ́ tí òun, olùkọ́, gbà láti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó wá kọ́.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas. Àwọn ará Sàró tí ó padà wá sílé ni ìdílé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ńlá rẹ̀, Sarah Táíwò, jẹ́ ẹni tí àwọn amúnisìn mú lẹ́rú, tí Ọlọ́run sì dá padà sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1914, nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì gbà pé ilé-ìdáná ni ìwé obìnrin parí sí, Fúnmiláyọ̀ wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1919 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan tí à ń pè ní Wincham Hall, ní agbègbè Cheshire. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ètò ilé, aṣọ rírán, èdè Faransé, ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba, àti orin. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1922, ó ti fi àwọn orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Fúnmiláyọ̀ ni òun. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọkùnrin tí ó fẹ́ ẹ, Ẹni-Ọ̀wọ̀ Ìsírẹ́lì Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Láti ọdún 1918 ni ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìjẹ̀bú yóò mọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn túmọ̀ sí. Ní ọdún 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ogun Ìmágbọn. Ìlú tí ó ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àjèjì láti ọjọ́ pípẹ́ wá yí padà, ó di ìlú tí ń wá ìwé kiri bí ẹni wá omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún, ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1913, Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà náà ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó di ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1925, tí ilé-ẹ̀kọ́ náà pé ọmọ ọdún méjìlá géérégé, ni ọ̀gá rẹ̀ gbé Fúnmiláyọ̀ níyàwó.

Ilé orin ni ìyàwó tuntun náà wọ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀, Ẹni-Ọ̀wọ̀ Jósáyà Ransome-Kuti, ni àlùfáà tí gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ̀ sí olórin. Ó mọ dùùrù tẹ̀, ó sì mọ ohùn kọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe tí ó fi yàtọ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé ó rí i pé orin ìsìn tí a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fọ́ ohùn Yorùbá mọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ohùn ọ̀rọ̀ a lọ sókè, ohùn orin a sọ̀ kalẹ̀. Ìtumọ̀ a sì dàrú. Nítorí náà ni ó ṣe ń fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin Ọlọ́run. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ giramafóònù gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin náà sínú àwo. Ó wà láàyè títí di ọdún 1930, èyí tí ó túmọ̀ sí pé fún ọdún márùn-ún ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Ọkọ rẹ̀ pàápàá a máa tẹ dùùrù. Òun ni ó sì wá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé nígbà tí ó yá.

Kí ni ìyàwó ọ̀gá àgbà ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde? Ó bí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, Dolupo, ní ọdún 1926. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1927 ni ó bí Olíkóyè, ní Ìjẹ̀bú-Òde kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń tọ́. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ, àwọn tí ọjọ́-orí wọn kò tíì tó ilé-ìwé, láti kọ́ wọn. Jẹ́lé-ó-sinmi tí gbogbo àdúgbò ní lónìí kò wọ́pọ̀ rárá nígbà náà. Lára àwọn àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà ni tirẹ̀. Ó sì tún ń kọ́ àwọn obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe olùkọ́ rí mọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti rí. Kò sí owó oṣù nínú rẹ̀. Kò sí alábòójútó tí yóò wá wò ó. Obìnrin tí ó ti ta ọjà láti àárọ̀ yóò jókòó ti sílétì, orun yóò máa kùn ún, ọmọ yóò sì máa sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá ní sùúrù kò ní í rí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Nínú ilé kan náà, ọkọ rẹ̀ ń ṣe irú ìkójọpọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 1926, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Ransome-Kuti sì wà níwájú wọn. Àwọn olùkọ́ Èkó ti dá tiwọn sílẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Ní oṣù keje ọdún 1931, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí para pọ̀ ní Èkó, wọ́n di Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà, wọ́n sì fi ọ̀gá àgbà Ìjẹ̀bú-Òde náà ṣe ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Títí di ọdún 1954 ni ó wà ní ipò náà. Olùkọ́ tí ó bá ń san owó ẹgbẹ́ rẹ̀ lónìí, kí ó mọ̀ pé ọ̀kan nínú gbòǹgbò igi náà wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìyàwó sì ń wò. Ó rí i pé ẹni kan ṣoṣo kò lè bá ìjọba sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni púpọ̀ bá pa ohùn pọ̀, ìjọba yóò gbọ́, ó fẹ́, ó kọ̀.

Ní ọdún 1932 ni wọ́n pe Ransome-Kuti padà sí Abẹ́òkúta láti wá ṣe ọ̀gá àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kàwé. Ní ọdún náà gan-an ni Fúnmiláyọ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan sílẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin tí ó ti kàwé, tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ, ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń kọ́ oúnjẹ síse, wọ́n sì ń ṣe àánú fún àwọn aláìní. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nìyí. Ní gbogbo àkókò yìí, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Abẹ́òkúta, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ ń gbà rìn. Ìyá olùkọ́ ni ó mọ̀. Àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ni kò mọ̀. Òun ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ni ó ń gbọ́.

Ohun tí ó yí i padà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò mọ ìwé. Láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ ni ó ti yé e pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin ìlú. Ní nǹkan bí ọdún 1944, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ìwé. Nígbà tí ó ń kọ́ wọn ní A, B, D, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ohun tí ojú wọn ń rí. Wọ́n sọ fún un pé àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ṣàlàyé owó-orí fún un: pé láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń bu owó-orí lé obìnrin lórí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, pé ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ń san án nígbà tí ọmọkùnrin kì í san títí yóò fi pé ọdún mẹ́rìndínlógún, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ kankan nínú ìgbìmọ̀ tí ń pín owó náà.

Ìyá olùkọ́ kò sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn parí ẹ̀kọ́ kí àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ ìjọba. Ó pa ìwé dé, ó gbọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti fi aṣọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tí ó ń ró ìró, tí ó ń wọ bùbá, tí ó sì ń wé gèlè bí ìyá ọlọ́jà gbogbo. Bí ó bá dìde láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, Yorùbá ni ó ń sọ. Àwọn àjẹ́lẹ̀ ni ó ń wá ògbufọ̀. Ẹni tí ó ti kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbangba ní Cheshire ni ó ṣe èyí. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ kí ìyá tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa owó rẹ̀ ni. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó yá, ẹgbàáwàá, ìyẹn 20,000, obìnrin ni ó ń san owó ẹgbẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ti dé ibí ni orin wọlé. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ ti mọ orin ilé-ìjọsìn, ó sì ti kọ́ orin òyìnbó. Ṣùgbọ́n orin tí àwọn ìyá ọlọ́jà mú wá kò sí nínú ìwé orin kankan. Orin òwe ni, orin èébú ni, orin tí obìnrin Yorùbá ti ń lò láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nígbà tí ọba tàbí ọkọ bá ṣe ohun tí kò tọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú orin bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan a lé e, ogunlọ́gọ̀ a gbè é. Bí ọlọ́pàá bá dé, ta ni yóò mú? Ẹni tí ó lé e ti dákẹ́. Gbogbo ìlú ni ó ń gbè é. Èkejì, orin kò béèrè ìwé. Ìyá tí kò lè ka ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹgbẹ́ kọ sí ìjọba lè gbé gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí ohùn, kí ó sì gbé e dé ọjà mìíràn kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀kẹta, orin a máa lé ẹ̀rù lọ. Ohun tí ẹnì kan kò lè sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá, ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè kọ ọ́ lórin ní ojú ọ̀nà ọba. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n wá kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ rí àkọsílẹ̀ irú orin bẹ́ẹ̀ tí ó ju igba lọ láti inú ìjà náà nìkan.

Ìjọba kò fún wọn ní ìwé àṣẹ láti wọ́de. Kò burú, wọ́n ní àwọn kò wọ́de, fàájì ni àwọn ń lọ ṣe, ọdún ni àwọn ń ṣe. Ìyá olùkọ́ tilẹ̀ kọ́ wọn bí ènìyàn ti ń ṣe bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú sí àárín èrò. Ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tí ó ju 10,000 lọ ni wọ́n jókòó sí iwájú ààfin Aláké, tí wọ́n ń kọrin tọ̀sán-tòru. Ní oṣù kejìlá, wọ́n tún padà wá. Ní ọdún 1948, wọ́n dáwọ́ owó-orí obìnrin dúró. Ní oṣù keje ọdún náà ni Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò ní Abẹ́òkúta, ó sì kọ ìwé pé òun fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1949. Ọba náà padà sórí ìtẹ́ ní òpin ọdún 1950, nítorí pé ìtàn ìlú kì í gún gẹ́gẹ́ bí okùn tí a nà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé obìnrin Ẹ̀gbá kò ní ohùn.

Àwọn kan lè béèrè pé, nígbà tí obìnrin kan ń ṣe gbogbo èyí, ta ni ń bójú tó ilé? Ìbéèrè tí ó yẹ ni, ọmọ mẹ́rin tí ó bí ni yóò sì dáhùn rẹ̀. Dolupo, àkọ́bí, di nọ́ọ̀sì. Olíkóyè, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, di dókítà àwọn ọmọdé, ó sì jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 títí di ọdún 1992. Bí ó ti wà ní ipò ńlá yẹn tó, ohun tí àwọn ìyá fi ń rántí rẹ̀ jù ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmú fífún ọmọ, àti omi oníyọ̀ òun ṣúgà tí ìyá lè pò nínú ilé fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ yìí yóò rí i pé iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni: kí a mú ìmọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn díẹ̀, kí a gbé e fún ìyá nínú ilé rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tí yóò yé e. Béèkò, àbíkẹ́yìn, tí wọ́n bí ní 1940, di dókítà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn tí ẹ̀wọ̀n kò dẹ́rù bà.

Fẹlá ńkọ́, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1938? Ní ọdún 1958 ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ti jogún orin, wọn kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí orin rẹ̀ ti rí: òun a lé e, àwọn obìnrin a gbè é, ọ̀rọ̀ náà a sì máa bá aláṣẹ wí ní ojúkorojú. Nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń kọrin níwájú ààfin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó jẹ́. Bàbá bàbá rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó bí i. Ohùn ìyá rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ ni ó gbọ́ pẹ̀lú etí ara rẹ̀.

Ìyá yìí kò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ayé ń bá a jà. Nígbà tí Fẹlá pa orúkọ Ransome tì, tí ó ń jẹ́ Aníkúlápó-Kuti, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ tí ọmọ rẹ̀ mú. Ìlú Yunifásítì Ìbàdàn ti fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní ọdún 1968. Àwọn ará Rọ́ṣíà sì ti fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní ọdún 1970. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun ya wọ ilé Fẹlá ní Mọ́sáláásí, ní Èkó, wọn kò wo oyè, wọn kò wo ewú. Wọ́n ju ìyá ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Nígbà tí wọ́n ń sin ín ní Abẹ́òkúta, àwọn ọlọ́jà ti ìsọ̀ wọn. Fẹlá fi ikú ìyá rẹ̀ kọrin, àwọn orin náà sì wà nínú àwo títí di òní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Yẹni, tí wọ́n bí ní ọdún 1961, àti Fẹ́mi, tí wọ́n bí ní ọdún 1962, mọ̀ ọ́n lójú. Ṣeun kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọdún 1983 ni wọ́n bí i. Síbẹ̀ orin ni gbogbo wọn ń ṣe, tàbí tí wọ́n ń ṣètò. Ní ọdún 2021, Fẹ́mi àti ọmọ rẹ̀ Mádé gbé àwo orin méjì jáde pọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún àkójọ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí ogún àti àfikún. Orúkọ náà tọ́. Ogún tí a kò bá fi nǹkan kún, yóò tán.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ni ìtàn yìí béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìjàgun, ní Ọ̀mù, tàbí ní ibikíbi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́? Kò béèrè pé kí gbogbo ènìyàn lọ jókòó sí iwájú ààfin. Ó béèrè ohun tí ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì tún nira jù ú lọ: kí olùkọ́ gbà pé ẹni tí kò mọ ìwé mọ nǹkan.

Ìyá-àgbà wà ní ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lónìí tí orin kún inú rẹ̀. Àwọn kan mọ orin ìgbéyàwó, àwọn kan mọ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ, àwọn kan mọ wákà. Ìjẹ̀bú-Igbó kò jìnnà. Ibẹ̀ ni Bàtílì Àlàké ti jáde, obìnrin tí ó gbé wákà kúrò ní àárín agbo ayẹyẹ dé inú àwo orin, tí ó sì papòdà ní ọdún 2013. Orin rẹ̀ kò run nítorí pé ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀. Mélòó ni ẹ̀rọ kò gbà sílẹ̀? Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń lọ sílé fún ìsinmi, kí ó mú ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání. Kí ó kúnlẹ̀ kí ìyá-àgbà tirẹ̀, tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní, "Ìyá, orin wo ni ẹ máa ń kọ nígbà tí ẹ wà lọ́mọge?" Kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kọ ìgbà tí wọ́n máa ń kọ ọ́ àti ìdí rẹ̀. Bí ìyá bá fi ohùn Ìjẹ̀bú kọ ọ́, kí ó má ṣe tún un ṣe sí Yorùbá àjùmọ̀lò ti inú ìwé. Olùkọ́ tí ó bá fi pupa fagi lé ohùn ìyá-àgbà ti fagi lé ìyá-àgbà fúnra rẹ̀.

Ọdún méje péré ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ó wọ ìlú náà, ó mọ ohun tí yóò kọ́ àwọn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ó kúrò níbẹ̀ ni ó tó mọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò kọ́ òun. Ọjọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ni ó di ìyá gbogbo ìlú. Àwọn àgbà sì ti wí i tẹ́lẹ̀ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.